Àwọn Òṣìṣẹ́ Ojú Irin Tó Bí Manchester United

    Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù má ṣe pa rédíò rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Kódà, ọ̀rọ̀ ajá wà níbẹ̀.

Bí Manchester United bá ń gbá bọ́ọ̀lù, bóyá Ìbàdàn lẹ wà ni o, bóyá Èkó ni, bóyá Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́, ẹ̀yin náà mọ ariwo tó máa ń ti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù jáde. Jẹ́sì pupa á kún títì. Nígbà tí Odion Ighalo, ọmọ tó dàgbà sí Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2020, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn wọn nílẹ̀ yìí ló gbà á bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó wọ jẹ́sì pupa yẹn léèrè pé: ta ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ á ní Alex Ferguson ni. Àwọn àgbà tó ti ń wo bọ́ọ̀lù tipẹ́ á dárúkọ Matt Busby. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì: akọ́nimọ̀ọ́gbá ni àwọn méjèèjì. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ló dá a sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: àwọn tó ń fi òòlù àti ayùn jẹun, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú irin. Orúkọ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn kì í ṣe Manchester United. Kì í sì ṣe jẹ́sì pupa ni a fi ń rántí wọn. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà ni.

Ọdún 1878 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Manchester, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di ìlú ńlá nígbà náà, ìlú òwú àti ẹ̀rọ ìhunṣọ. Púpọ̀ nínú aṣọ òyìnbó tí àwọn ìyá ńlá wa rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò l'Ékòó láyé ọjọ́un, àgbègbè yẹn ni wọ́n ti hun ún. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó òwú wọlé, òun náà ló ń kó aṣọ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ojú irin tó lágbára jù níbẹ̀ ni Lancashire and Yorkshire Railway, tó ti wà láti ọdún 1847. Ilé-iṣẹ́ yìí ní ọgbà ńlá kan ní àdúgbò Newton Heath, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ èrò àti wágùnù akẹ́rù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń kan ọkọ̀ àti wágùnù yìí ló kó ara wọn jọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n mú orúkọ àdúgbò, wọ́n fi lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún orúkọ ilé-iṣẹ́ kún un, wọ́n ń jẹ́ Newton Heath LYR. Ẹ̀ka mìíràn nínú iṣẹ́ rélùwéè kan náà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orí ọkọ̀, ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Newton Heath Loco ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lónìí, ta ló tún rántí Loco?

Kí wá ni ilé-iṣẹ́ ojú irin ń wá nídìí bọ́ọ̀lù? Ìbéèrè gidi ni. Inú ọgbà ẹ̀rọ kì í ṣe ibi ìgbádùn. Láti àárọ̀ kùtù ni ariwo òòlù, iná alágbẹ̀dẹ àti èéfín èédú. Bí wọ́n bá jáwọ́ iṣẹ́ ní ọ̀sán Sátidé, ilé ọtí ló sún mọ́ wọn jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà rò ó pé ó sàn kí ọmọṣẹ́ àwọn máa sáré lórí pápá ju kó máa mu ọtí àmupara lọ. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ara rẹ̀ á yá gágá fún iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ sì tún wà lára ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá borí, ilé-iṣẹ́ náà ló borí. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ojú irin ló ń san owó ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe pápá.

Pápá yìí ńkọ́? Ojú ọ̀nà tó ń jẹ́ North Road ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin gan-an. Àwọn aláṣẹ kàtídírà ìlú Manchester ló ni ilẹ̀ náà. Kàtídírà ló ni ilẹ̀, rélùwéè ló ń san owó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Pápá ọ̀hún kò ṣeé fi yangàn fún àlejò. Apá kan le koránkorán, apá kejì á di ẹrọ̀fọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, èéfín rẹ̀ á bo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àtàwọn tó ń wò wọ́n. Kò sí yàrá kankan tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ. Ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Three Crowns, lójú ọ̀nà Oldham, ni wọ́n ti ń wọ jẹ́sì, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ rìn dé orí pápá. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ayé? Ilé ọtí tí àwọn ọ̀gá kò fẹ́ kí wọ́n máa lọ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń múra eré.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ka yòókù nínú ilé-iṣẹ́ wọn àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ojú irin mìíràn ni wọ́n ń bá gbá a. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lónìí wáyé ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1880. Ikọ̀ kejì Bolton Wanderers ni wọ́n kojú. Báwo ló ṣe lọ? Bolton fi gọ́ọ̀lù mẹ́fà sílẹ̀ fún wọn, wọn kò rí ẹyọ kan dá padà. Ìyẹn ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo lónìí.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá 1881, ẹgbẹ́ ìjọ kan ní West Gorton, tó ń jẹ́ St Mark's, wá bá wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fi gọ́ọ̀lù mẹ́ta sí òdo lu àwọn ọmọ ìjọ. Kí ni ẹgbẹ́ ìjọ yẹn dà lónìí? Manchester City ni. Bí City àti United bá ti ń wọ̀yá ìjà báyìí, tí ẹ sì rí i tí ọkọ àti ìyàwó kò bára wọn sọ̀rọ̀ nílé, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn kankọ̀kankọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lásán ṣe di ẹgbẹ́ ńlá, torí ohun tó gbé wọn ga kì í ṣe ẹ̀bùn ẹsẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá iṣẹ́ rí mọ ohun tí à ń sọ. Rélùwéè ní ohun tí ẹgbẹ́ àdúgbò kò ní: iṣẹ́ tó dájú, tí owó rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù tó mọ iṣẹ́ bá wà níbìkan, wọ́n lè sọ fún un pé kó máa bọ̀ ní Newton Heath, iṣẹ́ wà nínú ọgbà, pápá sì wà lẹ́yìn ọgbà. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ Wales ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn. Jack Powell wà lára wọn. Àwọn Doughty méjì, Jack àti Roger, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wà lára wọn. Kì í ṣe ọmọdé lórí pápá ni wọ́n o. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Wales. Láti ọdún 1885 tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà kí wọ́n máa san owó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba, ọ̀nà túbọ̀ là.

Wọ́n tún lágídí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1886, wọ́n lọ sí Fleetwood láti kọ́kọ́ du ife ẹ̀yẹ FA. Jack Doughty jẹ gọ́ọ̀lù méjì, àwọn onílé náà jẹ méjì, ó di ọ̀mì. Rẹfirí ní kí wọ́n gbá àfikún àkókò. Newton Heath ní àwọn kò gbá. Ó tún sọ ọ́, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Rẹfirí bá gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà fún Fleetwood. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wa, ó di ọdún 1889 kí wọ́n tó tún bá wọn dá sí ìdíje ife náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ọdún 1888, ẹgbẹ́ 12 dá líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Wọn kò pe Newton Heath. Àwọn tí wọn kò pè kó ara wọn jọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní 1889, wọ́n pè é ní Football Alliance, Newton Heath sì wà lára wọn. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń lé iwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìnáwó ń pọ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn kò ná ọ̀gá rẹ̀ ní nǹkan kan tó pọ̀. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ líìgì, owó ni í jẹ.

Ní 1891, ẹgbẹ́ náà ra ìjókòó alátẹ̀gùn méjì fún àwọn òǹwòran, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ẹgbẹ̀rún kan èèyàn. Ilé-iṣẹ́ ojú irin kò fi kọ́bọ̀ kan ràn wọ́n lọ́wọ́. Àárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà fẹ́ ta ìpín ìdókòwò tó tó 2,000 pọ́n-ùn fún àwọn ará ìlú, kí wọ́n lè fi san gbèsè. Rélùwéè wò ó pé: ẹ fẹ́ dá dúró, àbí? Ó dáa náà. Wọ́n dẹ́kun sísan owó ilẹ̀ fún kàtídírà.

Ní ọdún 1892 kan náà, lẹ́tà mẹ́ta ti rélùwéè kúrò lára orúkọ ẹgbẹ́. Ó ku Newton Heath nìkan. Wọ́n gba akọ̀wé tó ń gba owó oṣù, A. H. Albut, kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Líìgì àti Alliance wá dara pọ̀, wọ́n sì mú Newton Heath sínú ìsọ̀rí kìíní.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n kúrò lábẹ́ rélùwéè? Ó yẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ń kan wágùnù kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ẹgbẹ́ líìgì dàgbà. Ṣé wọ́n múra sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò? Wọn kò múra o. Ọmọ tó bá máa kó jáde nílé bàbá rẹ̀, ó yẹ kó ti mọ ibi tí yóò sùn. Newton Heath kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi jìyà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú líìgì, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 1892, Blackburn Rovers lù wọ́n ní gọ́ọ̀lù mẹ́rin sí mẹ́ta. Wọn kò borí títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa borí, wọ́n borí débi tí ẹnu fi ya gbogbo ayé: gọ́ọ̀lù mẹ́wàá sí ẹyọ kan, Wolverhampton Wanderers ni wọ́n fi ṣe é. Títí di òní, Manchester United kò tíì jẹ gọ́ọ̀lù tó ju mẹ́wàá lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì tí èsì rẹ̀ dúró. Pápá ẹlẹ́rọ̀fọ̀ ti North Road ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n parí sí ní sáà náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdánwò tí wọ́n bá Small Heath gbá ni kò jẹ́ kí wọ́n já bọ́.

Ẹ rántí kàtídírà? Kàtídírà dé o. Àwọn àlùfáà tó ni ilẹ̀ sọ pé kò bójú mu kí ẹgbẹ́ máa gba owó ìwọlé lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Owó ilẹ̀ tún lọ sókè, rélùwéè kò sì sí lẹ́yìn wọn mọ́. Ní 1893, wọ́n lé wọn jáde. Ìjókòó alátẹ̀gùn méjì tí wọ́n fi gbèsè rà ńkọ́? Wọn kò rí i kó lọ. Wọ́n tà á ní 100 pọ́n-ùn.

Wọ́n kó lọ sí Bank Street, ní àdúgbò Clayton. Ṣé ibẹ̀ sàn? Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ló yí pápá náà ká. Èéfín ojú irin ni wọ́n ń sá fún, èéfín kẹ́míkà ni wọ́n bọ́ sí. Koríko kò hù dáadáa níbẹ̀. Ní oṣù kẹta 1895, Walsall Town Swifts wá, wọ́n wo ilẹ̀ pápá náà, wọ́n fárígá. Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti gbá a. Gọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá ni Newton Heath jẹ, Walsall kò jẹ rárá. Àwọn Walsall gbé ẹjọ́ lọ, líìgì sì fagi lé èsì náà, wọ́n ní kí wọ́n lọ tún un gbá. Wọ́n tún un gbá. Gọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án sí òdo ni Walsall gbé lọ sílé lẹ́ẹ̀kejì. Àwa ò mọ ohun tí wọn ì bá tún torí rẹ̀ pẹjọ́.

Àmọ́ ìsọ̀rí kejì ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o, torí Liverpool ti fi gọ́ọ̀lù méjì sí òdo lé wọn bọ́ sísàlẹ̀ ní 1894. Èrò ń dín kù lórí pápá. Owó ń dín kù lápò. Gbèsè nìkan ló ń pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá tí a ṣèlérí ló kàn báyìí. Ní 1901, wọ́n ṣe básà láti kó owó jọ, irú èyí tí àwọn ìjọ wa náà máa ń ṣe. Kápútẹ́nì wọn nígbà náà, Harry Stafford, ní ajá ńlá kan tó ń jẹ́ Major. Wọ́n so àpótí owó mọ́ ọn lọ́rùn, kí àwọn èèyàn lè máa fi nǹkan sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ajá yìí sọnù, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin olówó kan, John Henry Davies, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ọtí bíà. Ọmọbìnrin Davies fẹ́ràn ajá náà. Nígbà tí Stafford wá ajá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ajá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èyí tó dájú ni pé Stafford àti Davies mọ ara wọn, àti pé ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì ló yọ ẹgbẹ́ náà nínú kòtò.

Báwo ni kòtò ọ̀hún ṣe jìn tó? Ní oṣù kìíní ọdún 1902, gbèsè wọn ti di 2,670 pọ́n-ùn. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó, òun ló sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Kóòtù ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Àwọn akódà ti pápá pa. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Níbi ìpàdé kan ní oṣù kẹta ọdún náà, Stafford dìde, ó kéde pé òun ti rí èèyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀. Davies ló ṣíwájú wọn.

Olówó tuntun, orúkọ tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1902, wọ́n jókòó láti yan orúkọ. Àwọn kan mú Manchester Celtic wá. Àwọn kan mú Manchester Central wá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ní ìyẹn jọ orúkọ ibùdókọ̀ ojú irin jù. Ẹ wo àwọn tí rélùwéè bí! Manchester United ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Wọ́n bọ́ àwọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ pupa.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí wọ́n gbà láti darí ẹgbẹ́ ní 1903 ni Ernest Mangnall. Billy Meredith, ọmọ ilẹ̀ Wales mìíràn, dé ní 1906. Wọ́n gba líìgì ní 1908, wọ́n gba ife FA ní 1909. Ó kéré tán, ẹni tó ti ń tẹ̀lé wọn láti Bank Street rí èrè sùúrù rẹ̀.

Davies kò dúró síbẹ̀. Ó fi 60,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún pápá tuntun. Ibo ni wọ́n wá kọ́ ọ sí? Ẹ gbà á gbọ́ tàbí ẹ má gbà á gbọ́: ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni. Wọ́n tilẹ̀ ní ìrètí pé ilé-iṣẹ́ ojú irin tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ìgbà àkọ́kọ́ o, yóò yá àwọn ní owó láti kọ́ ìjókòó òǹwòran, torí èrò tó ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù yóò máa wọ ọkọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò yọrí. Wọ́n ṣí Old Trafford ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì 1910, Liverpool sì bà á jẹ́ fún wọn ní gọ́ọ̀lù mẹ́rin sí mẹ́ta.

Ojú irin yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fi Old Trafford hàn, ẹ wò ó dáadáa. Apá mẹ́ta ga fíofío. Apá gúúsù, èyí tí wọ́n fi orúkọ Bobby Charlton pè, ló kéré sí àwọn yòókù. Kì í ṣe pé wọn kò lówó láti gbé e ga. Ojú irin ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, àyè kò sì sí.

Àwọn alátìlẹ́yìn náà kò gbàgbé. Ní 1992, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti wọ líìgì, ẹgbẹ́ náà gbé jẹ́sì aláwọ̀ ewé àti wúrà jáde. Ní 2010, nígbà tí inú ń bí àwọn alátìlẹ́yìn sí ìdílé Glazer tó ni ẹgbẹ́ náà, àwọ̀ òṣìṣẹ́ rélùwéè yìí ni wọ́n so mọ́ ọrùn wá sí pápá. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹgbẹ́ yìí ti wà kí olówó kankan tó dé.

Ṣé Manchester nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀? Rárá o. Níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ti la ojú irin, bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e. Ẹ wo Montevideo, olú ìlú Uruguay. Ní oṣù kẹsàn-án 1891, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọ̀ dúdú àti ìyeyè rélùwéè ni wọ́n wọ̀. Ní 1913, àwọn náà yà kúrò lára ilé-iṣẹ́, wọ́n ń jẹ́ Peñarol, orúkọ àdúgbò tí ọgbà rélùwéè wà. Ìgbà márùn-ún ni Peñarol ti gba ife Libertadores, ife tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Àwa náà ní tiwa. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, Ẹbúté Mẹ́ta sì ni ọgbà ńlá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Railway ti Èkó tó jáde láàrin wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Láàrin 1946 sí 1964, ìgbà méje ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù nílẹ̀ yìí. Tẹslim Balógun, tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Railway, kó tó di pé ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, tó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers.

Kí ló dé tí Newton Heath fi di Manchester United, tí Railway wa sì di ìtàn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Newton Heath kúrò lábẹ́ rélùwéè, ó ṣubú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e dìde. Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe òun nìkan ló dá dìde o, apò Davies wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti ní orúkọ tirẹ̀, ó ti ní èrò tó ń sanwó wọlé, tó jẹ́ pé olówó tó bá dé, ohun tó wà láàyè ló máa bá. Railway tiwa kò kúrò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ náà bá a rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í sì ṣe Railway nìkan. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ rántí Leventis United? Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ yìí ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1986, wọ́n dé ìparí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n fi tú wọn ká. Ó parí. Ẹ wá wo Shooting Stars. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ló bí àwọn náà, abẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ IICC ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti lọ, orúkọ ti yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú. Àwọn tó ń wọlé wá wò wọ́n wà lára ohun tó gbé wọn ró. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, ó dà bíi pé àwọn tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ yìí títí dòní kò tíì gbọ́ ọ.

Àkókò ti ń lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, àti ẹ̀yin ọmọ wọn. Bí ẹ bá ní fọ́tò ẹgbẹ́ Railway nílé, tàbí jẹ́sì, tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ròyìn wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́ta, ilé àtijọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti 1898, tí wọ́n tún ṣe láti máa fi tọ́jú ohun ìrántí ojú irin. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè bá yín tọ́jú wọn. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà sí ẹ̀yìn rẹ̀.